Asà Àwọn Ìdílé Gẹ̀ẹ́sì àti Oríkì Orílẹ̀ Wa

Ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé oṣù yìí. Ní 2017 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi adé lé àwọn ìjòyè àgbà Ìbàdàn àti àwọn baálẹ̀ kan lórí, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ilé ẹjọ́. Ní 2023, Olóògbé Olúbàdàn Lékan Balógun tún fi adé lé àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ lórí. A kò ní dá ẹjọ́ adé níhìn-ín. Ó ti ní àwọn adájọ́ tirẹ̀. Ohun tí ó máa ń tẹ̀lé adé ni a fẹ́ sọ. Olóyè tí ó bá gba adé a fẹ́ kí àmì wà lórí ìwé tí òun fi ń ránṣẹ́, a fẹ́ kí á kùn ún sí ẹnu ọ̀nà ààfin, a sì fẹ́ kí á tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ ìwúyè. Mọ́gàjí tí kò tíì rí adé pàápàá kò gbẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá sì wo irú àmì bẹ́ẹ̀, kìnnìún méjì ni ẹ ó sábà rí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n di asà mú láàárín, adé sì wà lókè asà náà. A ń bèèrè pé, kìnnìún ta ni?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a yá àwòrán yìí lọ́wọ́ wọn kò fi asà ṣeré. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá ni ó bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn, nígbà tí àwọn ológun ẹlẹ́ṣin ń fi irin bo ara àti ojú débi pé ọ̀rẹ́ kò dá ọ̀rẹ́ mọ̀ mọ́. Ohun tí a kùn sára asà ni a fi ń mọ oníkálùkù. Nígbà tí ó pẹ́, ó di ohun ìní tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ jẹ́ kí á mú àgbègbè kan ṣoṣo ní ilẹ̀ wọn, èyíinì ni Warwickshire. Ìdílé Lucy tí ó ni Charlecote fi ẹja mẹ́ta sára asà wọn, nítorí pé luce ni orúkọ ẹja náà, ó sì bá orúkọ wọn mu. Béárì àti ọ̀pá oníkókó ni àmì àwọn Earl ti Warwick, ó sì wà nínú àmì ìjọba àgbègbè náà títí di òní. Ní 1596, bàbá William Shakespeare, ẹni tí ó ń rán ìbọ̀wọ́ awọ ní Stratford, gba asà tirẹ̀; ọ̀kọ̀ ni ó wà lára rẹ̀, nítorí pé ọ̀kọ̀ ń bẹ nínú orúkọ wọn. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò ti mọ onílé kí ó tó kan ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n agbára asà wọn kò sí nínú ọ̀dà. Inú ìwé ni ó wà. Ní 1484 ni Ọba Richard Kẹta fi ìwé àṣẹ dá ẹgbẹ́ àwọn akéde ọba sílẹ̀, tí à ń pè ní College of Arms, tí ó wà ní London títí di òní. Láti 1530 títí dé apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, àwọn akéde náà a máa lọ láti àgbègbè dé àgbègbè, wọn a pe àwọn onílé jọ, wọn a bi wọ́n pé ta ni bàbá, ta ni bàbá bàbá, kí ni ẹ̀rí. Wọn a sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rí, wọn a kéde rẹ̀ ní gbangba pé kì í ṣe ọlọ́lá. Ìlara pàápàá wọ inú iṣẹ́ náà: ní 1602, akéde kan fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sùn pé wọ́n ń fún ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ ní asà, orúkọ Shakespeare sì wà lára àwọn tí ó kà. Lónìí, àwọn akéde náà ṣì ń wí pé kò sí asà tí ó jẹ́ ti orúkọ lásán. Ti ẹni tí a fún àti irú-ọmọ rẹ̀ ni. Oníṣòwò tí ó ń ta asà orúkọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mú owó wá, àwòrán lásán ni ó ń tà.

Ǹjẹ́ àwa kò ha ní irú rẹ̀ bí? Méjì ni a ní. Èkíní ni ilà ojú: àbàjà, kẹ́kẹ́, gọ̀ǹbọ́, pélé. Ní ìgbà ogun, ẹni tí ó bá mọ ilà kà yóò mọ ìlú ẹni, nígbà mìíràn yóò mọ ìdílé ẹni pẹ̀lú, ìbá à jẹ́ ní ojú ogun, ìbá à jẹ́ ní ọjà ẹrú. Samuel Johnson kọ wọ́n sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Ilà ń lọ, a kò sì ní sunkún rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 kà á léèwọ̀ láti fi abẹ kan ojú ọmọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni oríkì orílẹ̀, èyí tí kò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, tí kò sì gba ọ̀dà. Johnson náà ṣàkíyèsí pé orílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n: erin ni ti ìdílé ọba Ọ̀yọ́ àtijọ́, òpó ni ti àwọn mìíràn. Ọmọ Ọ̀fà mọ̀ pé ìjàkadì ni a fi ń kì òun. Ọmọ Ìkòyí mọ̀ pé ogun ni. Bí a bá wí fún ọmọ Òpómúléró pé òpó gbígbẹ́ ni ó yẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò ní sọ pé a bú òun. Kí ni àwọn ẹlẹ́ja Charlecote ní tí ó ju èyí lọ?

Ní ọ̀nà kan, tiwa tilẹ̀ ta tiwọn yọ. Asà Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin ni ó ń tọ̀ lẹ́yìn. Láyé àtijọ́, obìnrin kì í fi ti bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀ àfi bí kò bá ní arákùnrin. Lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin ni oríkì gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin ti ni ín, ọmọ rẹ̀ a sì máa gbọ́ ti ìyá pẹ̀lú ti bàbá. Àwọn ìyàwó ilé, tí wọ́n ti agbo ilé mìíràn wá, ni wọ́n sì sábà mọ̀ ọ́n kì jù lọ. Èyí náà ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú, nítorí pé bí ìyá arúgbó kan bá kú ní abúlé, oríkì ìdílé ọkọ rẹ̀ àti ti ilé bàbá rẹ̀ lè bá a lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ wo àwọn oko tí ó yí Ìbàdàn ká. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú láàárín 1830 sí 1840, tí ogun sì ti fọ́ Ìkòyí àti àwọn ìlú mìíràn ní òkè, àwọn ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìhà gúúsù. Ìbàdàn, tí ó ti di ibùdó ogun ní nǹkan bí 1829, gba Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá mọ́ra. Àwọn olórí ogun sì mú ilẹ̀ oko fún ìdílé wọn. Láti Mọ́níyà dé Ìròkò, láti Lálúpọn dé Ẹjíòkú, láti Ẹgbẹ́dá dé Erúnmu, títí dé Akanran, àwọn agbo ilé tí ó fara kan ara wọn ní abúlé kan lè ti orílẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wá. Oríkì ni ó ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣí wá. Ìjàyè ńkọ́, tí Ìbàdàn fọ́ ní 1862, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ sá lọ sí Abẹ́òkúta? Ẹni tí ó padà sí Ìjàyè, tí ó wà lábẹ́ Akínyẹlé lónìí, àti ẹni tí ó jókòó sí Abẹ́òkúta, kí ni wọn yóò fi mọ ara wọn bí kò ṣe oríkì?

A mọ ohun tí àwọn àgbà kan yóò sọ sí èyí, ọ̀rọ̀ wọn sì wúwo. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wà ní oko ni ó bá olórí ogun dé gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Ọ̀pọ̀ ni a kó lẹ́rú láti Èkìtì, láti Ìjẹ̀ṣà àti láti ibòmíràn, tí a fi sí oko láti máa gbin oúnjẹ tí àwọn ológun ń jẹ. Ọmọ wọn ti di ọmọ ilé, oríkì olówó wọn ni a sì ti fi ń kì wọ́n láti ìran dé ìran. Bí a bá mú ìwé àti kálámù wọ abúlé, ṣé a kò ní tú ohun tí àwọn baba ti fi ọgbọ́n bò? Ibi tí ó yẹ kí á yà kúrò lẹ́yìn àwọn akéde Gẹ̀ẹ́sì nìyí. Iṣẹ́ tiwọn ni láti yọ ẹni tí kò yẹ; kò gbọdọ̀ jẹ́ tiwa. Ohun tí agbo ilé bá sọ nípa ara rẹ̀, láti ẹnu àwọn tirẹ̀, ni kí á kọ, kí á sì kọ ọ́ sí ojú ewé kìíní pé ìwé náà kì í ṣe ẹ̀rí oyè tàbí ti ilẹ̀. Bí ìdílé kan bá fẹ́ kí á kọ oríkì Èkìtì tí ìyá ńlá wọn mú wá, kí á kọ ọ́ pẹ̀lú ti olórí ogun. Àwọn kan nínú ẹ̀yin mọ́gàjí kò ní fẹ́ èyí. Lójú tiwa, bí ìtìjú kan bá wà níbẹ̀, ti ẹni tí ó kó ènìyàn lẹ́rú ni, kì í ṣe ti ẹni tí a kó.

Àwọn kan ti ṣe nínú iṣẹ́ náà ṣáájú wa. Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé Àwọn Oríkì Orílẹ̀ jáde ní 1967. Bọ́lánlé Awẹ́ fi hàn ní 1974 bí oríkì ṣe lè jẹ́ ẹ̀rí ìtàn. Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó ti àwọn obìnrin Òkukù, ó sì tẹ ìwé tirẹ̀ ní 1991. Ṣùgbọ́n Òkukù kì í ṣe Lágelú. Ní ti àwọn akéwì òde àríyá, ẹni tí ó ná owó ni wọ́n ń kì, wọn a sì fi oríkì Oníkòyí dá ẹni tí kò mọ ọ̀nà Ìkòyí lọ́lá. Àwọn àti oníṣòwò asà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná.

Nítorí náà, kí olóyè kankan tó fi owó fún ayàwòrán, kí ó kọ́kọ́ rán ẹnìkan tí ó mọ̀wé lọ sí oko ìdílé rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀, kí ó jókòó ti àwọn ìyá àgbà. Kí ó kọ orúkọ orílẹ̀ wọn, èèwọ̀ wọn, ibi tí wọ́n ti wá, àti gbogbo ohun tí a fi ń kì wọ́n. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ mọ́gàjí, kí ọ̀kan wà ní abúlé náà, kí ẹ̀kẹta wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí ni kí á tó pe ayàwòrán. Nàìjíríà pàápàá, nígbà tí ó yan àmì tirẹ̀ ní 1960, odò Ọya àti odò Benue ni ó fi sára asà dúdú, ẹṣin méjì sì ni ó gbé e dúró.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù fún ìrìn yìí, nígbà tí ọ̀nà oko ṣeé gbà tí iṣẹ́ sì dẹwọ́ díẹ̀. Ẹgbẹ́ wa yóò pèsè àwọn akọ̀wé. A ń retí kí ẹ̀yin mọ́gàjí àti baálẹ̀ fi orúkọ àwọn abúlé tí ẹ fẹ́ kí á kọ́kọ́ dé ránṣẹ́ sí wa, àti orúkọ àwọn ìyá tí ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣì mọ̀ ọ́n kì.