Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa àti Ẹni tí ó Kúnlẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́ Wa

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwọn Kristẹni Ìlọ́fà àti gbogbo ilẹ̀ Òkè-Ẹrọ̀ rò jinlẹ̀. Bí ọjọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa bá pé, ẹni méjì tí kò kí ara wọn láti ọdún tí ó kọjá lè kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ kan náà, kí wọ́n jẹ nínú àkàrà kan, kí wọ́n sì mu nínú ago kan. Bí wọ́n bá dìde, olúkúlùkù a gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. A ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin òǹkàwé wa: kí ni àwọn méjèèjì yìí jọ jẹ?

Ìdàpọ̀ Mímọ́ ni a ń pè é ní èdè wa, orúkọ náà sì tó ìwàásù. Odò méjì tí ó bá ti dàpọ̀ kò ṣe é yà mọ́. Onígbàgbọ́ dàpọ̀ mọ́ Olúwa tí ó kú fún un, nípa bẹ́ẹ̀ ó sì dàpọ̀ mọ́ gbogbo ẹni tí Olúwa náà kú fún. Ẹni tí ó gba èkínní tí ó kọ èkejì kò tíì gba ìdàpọ̀. Lótìítọ́, a kì í gbin àlìkámà àti àjàrà ní oko wa, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ nǹkan náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn baba ńlá wa mọ ìmulẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àwọn tí ó bá jọ mulẹ̀ kò gbọdọ̀ da ara wọn, nítorí ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Bí ẹni tí ó fi ilẹ̀ mulẹ̀ bá bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó fi ara àti ẹ̀jẹ̀ Olúwa dá májẹ̀mú ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí lé lórí. Kì í ṣe pé wọn kò pàdé, kì í sì í ṣe pé àkàrà wọn kò dára. Àwọn ọlọ́rọ̀ ni wọ́n ń jẹ tiwọn ṣáájú, tí ẹnì kan yó tí ó sì mu àmupara, nígbà tí ebi ń pa tálákà. Ó sọ fún wọn gbangba pé ohun tí wọ́n ń jẹ kì í ṣe oúnjẹ Olúwa. Àwọn àgbà wa náà sọ ọ́: àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní.

Nísinsin yìí, ẹ wo ìtàn Ìjọ ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1888, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù tí ó pé jọ ní Lambeth, ní Lọ́ńdọ̀nù, pàṣẹ pé kí a má ṣe ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tí ó ní ju aya kan lọ. Ẹni tí kò bá sì ṣe ìrìbọmi kò lè dé ìdí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ ìkóbìnrinjọ yìí náà ni a fi lé àwọn ọmọ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan jáde ní Èkó, tí wọ́n sì dá Ìjọ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1917, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ẹlẹ́ja. Ó di ọdún 1988 kí àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Lambeth tó gbà pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, bí ó bá gbàgbọ́, lè ṣe ìrìbọmi pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tí ó gbàgbọ́, bí ó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn kún wọn.

A kò kọ èyí láti gbe ìkóbìnrinjọ lẹ́yìn. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé Ìwé Àdúrà ti ọdún 1662 fún àlùfáà ní àṣẹ láti dá àwọn tí ó ń bá ara wọn ṣọ̀tá dúró pẹ̀lú, títí wọn yóò fi parí ìjà, àti ẹni tí ó ṣe aládùúgbò rẹ̀ níbi lójú gbogbo ènìyàn. Ta ni ó gbọ́ pé a dá ẹnì kan dúró nítorí òṣùwọ̀n èké, tàbí nítorí owó alágbàṣe tí kò san? Kí ló dé tí ojú wa fi mú ṣáṣá sí yàrá ọmọnìkejì, tí ó sì fọ́ sí ìsọ̀ ọjà?

Ìyapa mìíràn tún wà. Ní ọdún 1529, Luther àti Zwingli pàdé ní Marburg ní ilẹ̀ Jámánì. Ẹ̀kọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n gbé yẹ̀ wò, ìdí oúnjẹ yìí nìkan ni wọ́n ti yapa. Ní ilẹ̀ tiwa, a ti dá ọjọ́ kọkànlá oṣù Desẹ́ḿbà 1965 fún ìṣọ̀kan Ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian. Kí ọjọ́ tó pé ni ìmọ̀ràn náà tú ká. Ní Odò-Ọwà, ní Òkè-Ẹrọ̀ yìí kan náà, ni a bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní ọdún 1904, ọmọ ilé Áńgílíkà, awakọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ títì. Lẹ́yìn ìpè rẹ̀ ní ọdún 1928 àti ìsọjí Iléṣà ní ọdún 1930, ó di aṣáájú Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìyá kan ṣe ń jọ́sìn ní Ìjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe òkú baba wọn, abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹ iyán. Ṣùgbọ́n bí àkàrà Olúwa bá dé, Àgùdà kì í sábà fi fún ẹni tí kì í ṣe Àgùdà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn pẹ̀lú ní òfin tiwọn.

Kì í ṣe ọwọ́ wa ni àtúnṣe òfin Ìjọ wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ọwọ́ wa kò kéré. Kí oníṣòwò yẹ òṣùwọ̀n rẹ̀ wò ní ọjọ́ Sátidé. Kí ẹni tí ó jẹ alágbàṣe ní gbèsè san án kí ó tó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ẹni tí ó ń bínú sí ará rẹ̀ lọ sí ilé rẹ̀ ní alẹ́, kí ó kan ilẹ̀kùn. Kí àwọn àgbà Ìjọ sì máa wádìí ìjà àti ìrẹ́jẹ bí wọ́n ti ń wádìí ìgbéyàwó. Bí a bá ṣe èyí, àwọn Mùsùlùmí àti àwọn mìíràn tí a jọ ń gbé ìlú yóò mọ̀ pé oúnjẹ tí a ń jẹ ní ọjọ́ Ìsinmi ń ṣe wá ní rere ní ọjọ́ Ajé.