Ẹ̀yìn Tó Ń Dun Òṣìṣẹ́: Ẹ̀bi Ta Ni?



Bí ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọ̀rọ̀ méjì ni yóò gbọ́. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ á ní, "Ìwọ lo ò mọ ẹrù gbé." Ará ilé á ní, "Lọ dùbúlẹ̀, má mira rárá." A fẹ́ sọ ọ́ láìfepo bọ iyọ̀ pé ìwádìí àwọn onímọ̀ kò sí lẹ́yìn èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìdùbúlẹ̀ ná. Ní 1995, àwọn oníṣègùn ìlú Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, tẹ ìwádìí kan jáde lórí òṣìṣẹ́ ìlú náà 186 tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn. Wọ́n ní kí àwọn kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní eré ìdárayá. Wọ́n ní kí àwọn tó kù máa bá ìṣe òòjọ́ wọn lọ níwọ̀n bí ara bá ti gbà wọ́n. Àwọn ìkẹta yìí ni ara wọn tètè yá jù. Àwọn tó dùbúlẹ̀ ló pẹ́ jù. Ọjọ́ méjì péré ni o! Àwọn mìíràn nínú wa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ẹní.

Ẹ má ṣì wá gbọ́. Níwọ̀n bí ara bá ti gbà ni wọ́n wí. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sídìí àpò sìmẹ́ǹtì lọ́jọ́ kejì. Bí abẹ́ bá sì kú, bí ìtọ̀ bá ń dá jáde tàbí tó há, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tàbí tí ibà bá tẹ̀lé e, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ti "o ò mọ ẹrù gbé" ló ń bí wa nínú jù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ju 2,500 lọ bí a ṣe ń tẹ orúnkún gbé ẹrù, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọdún márùn-ún ààbọ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 1997: ìmọ̀ wọn pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìpalára ẹ̀yìn kò dínkù. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n rí i pé eré ìdárayá ń dènà ẹ̀yìn dídùn, pàápàá bí a bá fi ẹ̀kọ́ kún un. Ẹ̀kọ́ nìkan kò ṣe é. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń pín fún wa láti fi di ìbàdí náà kò ṣe é.

Kí ló wá kù bí kò ṣe ẹrù fúnra rẹ̀? Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wádìí ìlera òṣìṣẹ́ fi 23 kílò ṣe òdiwọ̀n, níbi tí gbogbo nǹkan bá ti rọrùn. Àpò sìmẹ́ǹtì wa jẹ́ 50 kílò. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé pàápàá, ní 1967, kò fẹ́ kí ọkùnrin kan gbé ju 55 lọ, òkè pátápátá sì nìyẹn.

Ẹ̀yin awakọ̀, kò sí ìjókòó kan tó dára tí ẹ lè jókòó bẹ́ẹ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó kí ara má ro yín. Pípẹ́ lójú kan àti gbígbọ̀n ọkọ̀ ló ń ṣe é. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, ẹ rìn yí ọkọ̀ ká. Ẹ má sáré lọ bá oní-páràgà pé jẹ̀díjẹ̀dí ni: ọtí ni wọ́n fi pò ó, ẹ̀yìn yín á sì di ewu fún èrò ọkọ̀.

Ohun tí a ó gbé lọ síwájú àwọn ọ̀gá nìyí: kí àpò kéré sí i, tàbí kí wọ́n pèsè ọmọlanke, àpótí ìjókòó fún ẹni tó ń dúró tì ẹ̀rọ, ìsinmi ráńpẹ́ láti na ara, iṣẹ́ fífúyẹ́ fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, láìgé owó rẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n ẹrù tí ẹ ń gbé àti iye ìgbà lójúmọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi lé akọ̀wé ẹ̀ka lọ́wọ́ kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀. A kò fẹ́ lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo.