Òfin Kòkó Ilẹ̀ Yúróòpù: Ta Ni Yóò Sọ Fún Àgbẹ̀?

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n arọ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé ogun ń bọ̀ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló yẹ kí àwọn tó wà nídìí òwò kòkó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ọ̀ṣun, Ògùn, Èkìtì àti Ọ̀yọ́ máa bi ara wọn lásìkò yìí.

Láyé àtijọ́, ohun tí àgbẹ̀ kòkó ń bẹ̀rù kò ju àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi, kòkòrò, ọ̀dá àti iná oko lọ. Ojú ara rẹ̀ ló fi ń rí gbogbo wọn. Ewu tó dé báyìí kò jọ ìwọ̀nyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, àbá kan jáde láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù pé kòkó, kọfí, epo pupa àti àwọn nǹkan mìíràn kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà àwọn mọ́, bí ó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n ti gbìn ín. Àbá náà di òfin ní ọdún 2023. Ẹni tó bá fẹ́ kó kòkó wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí oko tí kòkó náà ti wá gan-an lórí àwòrán ilẹ̀. Bí oko bá sì tóbi ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ó gbọ́dọ̀ fi ààlà rẹ̀ hàn yí ká.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìparí ọdún 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n sún un sí ìparí ọdún 2025. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2025, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2026 fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá, wọ́n sì fún àwọn kéékèèké di oṣù Kẹfà ọdún 2027. Ọ̀pọ̀ ló ti tìtorí èyí fọwọ́ lẹ́rán. Ọjọ́ ni wọ́n sún o, wọn kò fagi lé òfin.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ṣokoléètì kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lójijì. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa ṣọ́ ewu tó ń bọ̀ lọ. Yóò ka àbá òfin nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin, yóò wo àwòrán igbó tí sátẹ́láìtì ń yà, yóò tẹ̀ lé ìròyìn òjò ní Ghana àti Côte d'Ivoire, yóò sì máa pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti mọ ohun tí etí wọn gbọ́.

Ìgbà kan wà tí àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí náà ní ẹni tó ń bá a ṣọ́nà. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé Kòkó Bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù náà ní àléébù tirẹ̀, owó tó ń san fún àgbẹ̀ sì kéré sí iye tó ń ta kòkó lókè òkun. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mọ ibi tí yóò ti gbọ́ ohun tí àwọn òyìnbó ń fẹ́. Ìjọba ológun tú u ká ní ọdún 1986. Láti ìgbà náà, ẹnu alágbàtà tó wá ra kòkó ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń gbọ́ ìròyìn, ẹni tó sì wá rajà kì í sọ gbogbo òótọ́ ọjà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan yìí kan náà fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò kan, dichlorvos, tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ti ń dá ẹrù padà ní èbúté, wọ́n sì ń sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba, kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Ta ló lọ sọ ọ́ fún àwọn tó ń da oògùn sínú àpò ẹ̀wà? Léraléra ni wọ́n sì sún ìfòfindè náà síwájú.

Ní ti kòkó, àwọn tó ń kó o ránṣẹ́ sókè òkun ti ń rán ènìyàn lọ sóko láti fi fóònù gba àmì ilẹ̀. Àgbàlagbà tí wọn kò ṣàlàyé fún, tó rí ọ̀dọ́mọkùnrin àjèjì tó ń fi fóònù yí oko rẹ̀ ká, kò jẹ̀bi bí ó bá rò pé owó orí ló dé tàbí pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀. Ohun tó yẹ kó bèèrè ni ọwọ́ ẹni tí àmì ilẹ̀ náà yóò wà. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ oníbàárà kan ṣoṣo ni, oníbàárà náà nìkan ni yóò máa dá iye lé kòkó rẹ̀. Kí àgbẹ̀ gba ẹ̀dà tirẹ̀, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ bí ó ṣe ń tọ́jú rìsíìtì ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dáko nínú igbó ọba, bíi Òmò ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Olúwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, le ju èyí lọ. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ló yẹ kó jáde sọ òótọ́ fún wọn: oko wo ló ti wà kí ọdún 2021 tó dé, èwo ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá? Òfin náà kò gba kí a da kòkó tó mọ́ pọ̀ mọ́ èyí tí kò mọ́, àpò díẹ̀ sì lè ba ẹrù ọkọ̀ ojú omi jẹ́.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò nílò ọ́fíìsì ńlá láti ṣe ohun tí àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ń ṣe. Kí wọ́n yan ọ̀dọ́ kan tó kàwé, kí wọ́n máa dá owó díẹ̀ fún un lóṣooṣù, kí ó máa bá wọn wo iye kòkó lọ́jà àgbáyé, ìkìlọ̀ òjò tí àjọ NiMet ń gbé jáde lọ́dọọdún, oògùn tí NAFDAC ti fòfin dè, àti ibi tí ọ̀rọ̀ òfin yìí dé. Àwọn iléeṣẹ́ rédíò ní Àkúrẹ́, Òṣogbo, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn náà ní tiwọn. Bí ààyè bá wà fún ìkéde ìsìnkú láràárọ̀, kò yẹ kí wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kòkó, ní èdè tí àgbẹ̀ gbọ́, ṣòro.

Bí wọn kò bá tún sún ọjọ́ náà, kòkó tí wọn yóò ká ní ìparí ọdún 2026 ni yóò kọ́kọ́ bá òfin yìí pàdé ní èbúté. Àsìkò tó kù kò tó èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi máa dúró de ìròyìn láti ẹnu alágbàtà.