Orin Wọn Gbọ́ Èdè Wa, Ìkìlọ̀ Wọn Kò Gbọ́ Ọ

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé kíkà ní èdè abínibí yín, lónìí, ẹ bá wa mú agolo mílíìkì ọmọ ọwọ́ kan. Bí kò bá sí nílé yín, ẹ lọ bá ẹni tó ń tà á, ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ wò ó.

Ẹ yí i po. Ẹ wá ìlà kan ṣoṣo tí a kọ ní Yorùbá. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ kò ní rí i. Faransé wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ìgbà mìíràn Lárúbáwá náà wà. Inú àwọn lẹ́tà wẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọmú ìyá ló dára jù fún ọmọ, pé omi tí a ó fi pò ó gbọ́dọ̀ hó, pé iye ṣíbí tí a kọ ni kí a lò, kí a má dín in, kí a má fi kún un.

Ó yá, ẹ tan rédíò. Mílíìkì tí àgbà ń mu, amọ́bẹ̀dùn, ọtí, ìpara tí ń bó ara: gbogbo wọn ló ní orin, orin náà sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Àwa tí a wà lẹ́bàá ẹnubodè tún ń gbọ́ ti Nàìjíríà kún un. Olórin ọjà a máa kí wa, a máa bẹ̀ wá, a máa pe ìyá ní ìyá, a máa pe bàbá ní bàbá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ilé iṣẹ́ ńláńlá kò rí ẹni tí yóò bá wọn kọ Yorùbá. Wọ́n rí i. Nígbà tí wọ́n bá ń béèrè owó, Yorùbá ni. Nígbà tó bá kan ohun tó lè pa ọmọ, ó di Faransé. Ohun tí a fẹ́ bá jà lónìí nìyẹn.

Ìpolówó ọjà kì í ṣe àjèjì sí wa, a kò sì kórìíra rẹ̀. Ẹlẹ́kọ kígbe láàárọ̀ pé ẹ̀kọ òun gbóná. Ẹ na ọwọ́, ẹ fọwọ́ kan ewé, ẹ mọ̀. Bí ó bá tutù, ẹ ó sọ ọ́ lójú rẹ̀, nítorí lọ́la yóò tún gba iwájú ilé yín kọjá. Ẹnu tó polówó àti ojú tí ìtìjú lè mú, orí kan náà ni wọ́n wà. Agolo kò ní ojú. Ẹni tó kọ orin rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ilé yín.

Ẹ tún wo bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ pàlọ́, a ó kọ́kọ́ ní "Àlọ́ o!", ẹ ó sì dáhùn "Àlọ̀!" Láti ibẹ̀ lọ, bí ìjàpá bá wọ ṣòkòtò, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, gbogbo ilé ti mọ̀ pé ìtàn ni. Ìpolówó náà ìtàn ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kígbe àlọ́. Ọmọ ń ké. Ó ti rẹ ìyá rẹ̀. Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun gbé agolo wọlé. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ó parí. Níbo ni wọ́n ti sọ pé mílíìkì ló mú ọmọ náà sanra? Wọn kò sọ ọ́. Wọ́n gbé agolo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó sanra, wọ́n sì fi yín sílẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá fà wọ́n dé ilé ẹjọ́, wọn yóò ní àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni wọn yóò sì sọ. Irọ́ tí ènìyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ pa fún ara rẹ̀ ṣòro láti já.

Orin tilẹ̀ burú ju ìtàn lọ. Orin kì í dúró gba ìbéèrè. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò mọ "a" yàtọ̀ sí "b" ń kọ ọ́ kiri àgbàlá, kò gba sẹ́fà kan, ó ti di apolówó. Ẹni tó bá dàgbà nígbà Ìyípadà, láti 1972 títí dé 1990, yóò mọ ohun tí à ń wí. A ké "Ehuzu dandan" ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní pápá, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu ń sọ ọ́ kí orí tó rò ó. A kò fi ìgbà náà ṣe yẹ̀yẹ́, ìgbà náà ló gbé kíkọ èdè wa lárugẹ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a máa ṣe bí ẹni pé ọlọ́jà nìkan ló mọ oògùn yìí.

Aṣọ funfun inú ìtàn wa kì í ṣe àròsọ. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, àwọn ilé iṣẹ́ mílíìkì gba àwọn obìnrin, wọ́n wọ̀ wọ́n láṣọ bíi nọ́ọ̀sì, wọ́n rán wọn lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ní Áfíríkà àti ní Éṣíà. Mílíìkì ni wọ́n lọ tà. Aṣọ náà ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kò ní béèrè ta ló ń san owó oṣù aláṣọ funfun. Wọ́n a sì fún ọ̀pọ̀ ìyá ní agolo lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí "ọ̀fẹ́" yìí. Ọmú tí ọmọ kò fà, wàrà rẹ̀ a máa dín kù, bó bá pẹ́, a gbẹ. Agolo ọ̀fẹ́ kò ju ti ọjọ́ díẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá tán, ọmú náà ti ń tán lọ. Láti ọjọ́ náà, ìyá ti di oníbàárà, ìbáà wù ú, ìbáà má wù ú. Agolo kejì, owó ni. Bí owó kò sí, ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìyẹ̀fun kù, á fi omi kún un kí agolo lè pẹ́. Mílíìkì náà ṣì funfun. Ojú kò lè mọ̀ pé oúnjẹ ti kúrò nínú rẹ̀. Kí a fi omi odò tí kò hó kún un, kí a fi ìgò tí a kò bọ̀ kún un, ìgbẹ́ gbuuru dé, ọmọ rù, òmíràn kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ní àwọn ìyá kò lo ọjà àwọn bó ti yẹ. Bó ti yẹ! Ta ló kà á fún wọn?

Ní 1974, ẹgbẹ́ War on Want ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, Mike Muller ló kọ ọ́. Àwọn kan ní ìlú Bern, ní Switzerland, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì, wọ́n sì fún un ní àkọlé tiwọn: "Nestlé ń pa àwọn ọmọ ọwọ́". Nestlé pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1976 adájọ́ dá ènìyàn 13 lẹ́bi, ó ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan san 300 faran ilẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ kan ló kó bá wọn: "pa". Adájọ́ kò gbà pé ilé iṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ pa ọmọ. Ṣùgbọ́n ó kọjú sí ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú, ó ní kí ó lọ tún ọ̀nà tó ń gbà polówó rò láti ìpìlẹ̀.

Lójú tiwa, adájọ́ kò ṣìṣe lórí "pa". Ẹni tó ń bá ẹlẹ́tàn jà kò gbọdọ̀ sọ ju ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Ohun tó dùn wá ni pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Bern fi ẹnu sọ gbangba, òfin rí i dì mú. Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́jà fi aṣọ funfun àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ sọ, ó yọ́ bọ́ lọ́wọ́ òfin.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, ní Geneva, ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé dìbò lórí ìlànà títa mílíìkì ọmọ ọwọ́. Orílẹ̀-èdè 118 gbà á, 3 kò dá sí i, ọ̀kan ṣoṣo ló kọ̀ ọ́: Amẹ́ríkà. Ìlànà náà ní kí a má polówó mílíìkì yìí fún gbogbo ènìyàn mọ́, kí a má fún ìyá ní agolo ọ̀fẹ́ mọ́. Ó tún ní kí a má ya àwòrán ọmọ sára agolo. Ẹ rí i pé àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé àwòrán ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní Faransé, ọ̀pọ̀ ń pe mílíìkì yìí ní "lait maternisé", ìyẹn wàrà tí a sọ di ti ìyá. Wàrà màlúù ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Màlúù wo ló ti di ìyá ọmọ ènìyàn rí? Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan péré ti ṣe iṣẹ́ náà tán kí a tó ṣí agolo. Ìlànà 1981 ní kí a má kọ irú rẹ̀ sára agolo mọ́. Síbẹ̀, ẹnu àwọn tó kàwé ní Kútọnu ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìlànà kan náà ní kí ìkìlọ̀ ara agolo wà ní èdè tó yẹ ẹni tí yóò kà á. Èdè wo ló yẹ ìyá ní Kétu?

Ẹnìkan yóò ní: ṣé kí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú náà máa wò ni? Rárá o. Mílíìkì yìí ti gba ọmọ là, yóò sì tún gbà wọ́n là níbi tí omi mímọ́ bá wà tí owó sì tó. Mílíìkì kọ́ la bá jà. Ẹlòmíràn yóò ní àwa náà kò mọ́. Òótọ́ ni. Kì í ṣe rédíò ló kọ́ àwọn àgbà kan láti fún wàrà pupa ọjọ́ àkọ́kọ́ dànù, kì í ṣe agolo ló ní kí a máa rọ omi àti àgbo fún ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó rọ àgbo kò jèrè lórí rẹ̀.

Ìpolówó ti gba orí tẹlifóònù bọ́ sílé báyìí. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé ìròyìn jáde: wọ́n bi òbí àti aláboyún 8,500 léèrè ní orílẹ̀-èdè 8, Nàìjíríà aládùúgbò wa wà lára wọn. Nínú 100, 51 ló ní ìpolówó mílíìkì ọmọ ọwọ́ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ẹ tún ṣọ́ nọ́ńbà ara agolo: wọ́n á polówó nọ́ńbà 3, ti ọmọ tó ti ń rìn, àwọ̀ rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ sì jọ nọ́ńbà 1 bí ìbejì.

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀: kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ náà ní èdè tí wọ́n fi ń kọ orin. Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ, ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ mú bébà, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìyá agbẹ̀bí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ kà á sókè fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Ohun tí ẹ ó kọ nìyí:

ỌMÚ ÌYÁ NÌKAN, LÁÌSÍ OMI, LÁÌSÍ ÀGBO, TÓ ỌMỌ TÍTÍ OṢÙ MẸ́FÀ. BÍ ỌMÚ KÒ BÁ ṢEÉ ṢE, BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ NỌ́Ọ̀SÌ KÍ O TÓ RA AGOLO. SE OMI KÍ Ó HÓ. BỌ ÌGÒ. MÁ DÍN ÌYẸ̀FUN KÙ. AGOLO Ọ̀FẸ́ LÈ GBẸ ỌMÚ RẸ.