ỌDÚN TÍ OSIMHEN KÒ GBÁ GÓÒLÙ KANKAN WỌLÉ

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá l'ọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí ìyá kankan má tìtorí ẹ̀ ṣí ojú-ìwé yìí kọjá. Ta l'ó ń ra bàtà bọ́ọ̀lù? Ta l'ó ń fọ jẹ́sì tó kún fún ẹrẹ̀? Ta ni wọ́n ń sáré wá pè n'ísọ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ bá rọ́? Ẹ̀yin náà ni. Bí ẹnìkan bá sì dé, tó ní àjẹ́ńtì l'òun, òun fẹ́ gbé ọmọ lọ s'ókè-òkun, owó àjọ yín ni ojú ẹ̀ ń wò.

Ẹjọ́ tí àwọn òbí sábà máa ń rò ni pé: "Ọmọ mi mọ bọ́ọ̀lù í gbá. Iwájú l'ó ń gbá. Gbogbo àdúgbò l'ó mọ̀ ọ́n. Ó ti lo ọdún méjì ní kíláàbù, a ò tíì rí nǹkankan. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò n'íbẹ̀ ni, àbí kí n wá owó fún àwọn tó l'áwọn á gbé e lọ?"

Ẹ f'ara balẹ̀. Kí ẹ tó tú àpò, ẹ jẹ́ ká jọ wo ọmọ kan tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n n'ílẹ̀ yìí, Victor Osimhen. Kì í ṣe ọdún tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún un ni mo fẹ́ ká wò o. Ọdún tí kò gbá góòlù kankan wọlé ni.

ỌMỌ TÓ TA OMI NÍNÚ GÓ-SÍLÓÒ

Ọjọ́ 29, oṣù Kejìlá, ọdún 1998 ni wọ́n bí i l'Ékòó. Olúsosùn l'ó ti dàgbà, n'ítòsí ààtàn ńlá tí gbogbo ará Èkó mọ̀ l'Ójòótà. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje. Ìyá ẹ̀ ti kú n'ígbà tó wà ní kékeré. Osimhen ta omi nínú gó-sílóò, ó sá tẹ̀lé mọ́tò kó lè gba owó l'ọ́wọ́ ẹni tó ra omi.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kí ẹ gbé igbá lé ọmọ l'órí kó lè mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ l'ó ń sá tẹ̀lé mọ́tò l'Ékòó, ẹyọ kan l'ó di Osimhen. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó rí kíláàbù tó gbà á, Ultimate Strikers, n'íbí l'Ékòó, ó sì jókòó ti ẹ̀kọ́.

L'ọ́dún 2015, kóòṣì Emmanuel Amuneke mú un dání lọ sí Chile, fún ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ. Góòlù 10 l'ó gbá wọlé! Kò sí ọmọ tó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje kan ṣoṣo títí di ọdún yẹn. Nàìjíríà gba ife náà, wọ́n na Mali ní 2-0 n'íparí. Ká ní ọmọ tiwa ni, kí là bá ṣe? À bá ti pe alága àwọn onílù. À bá ti máa ka owó tí kò tíì dé.

Ṣùgbọ́n òfin FIFA wà n'ílẹ̀: ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lè kúrò n'ílẹ̀ yìí lọ máa gbá fún kíláàbù ilẹ̀ òkèèrè, àfi l'ọ́nà ìyọ̀ǹda díẹ̀, bíi k'áwọn òbí ọmọ kó lọ sí ìlú náà fún iṣẹ́ tí kò kan bọ́ọ̀lù. Torí náà, ọmọ tó gba góòlù mẹ́wàá ayé l'óṣù Kọkànlá 2015, oṣù Kìíní 2017 l'ó tó wọ Wolfsburg ní Jámánì, ọjọ́ díẹ̀ l'ẹ́yìn tó pé 18. Ẹ rántí èyí dáadáa. A ó padà sí i.

L'ÁÀÁRÍN ÀWỌN GÉŃDÉ

Ní Wolfsburg, Osimhen kò gbá bọ́ọ̀lù s'áwọ̀n l'ẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìdíje. Rárá o. Sáà 2016 sí 2017, òfo. Sáà 2017 sí 2018, òfo. Èjìká ẹ̀ dá a dúró, wọ́n ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. N'ígbà tó yá, ibà tún gbé e ṣánlẹ̀ l'ọ́dún 2018, ara ẹ̀ rù. Kíláàbù méjì ní Bẹ́ljíọ̀mù, Zulte Waregem àti Club Brugge, yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n l'áwọn ò gbà á.

Kí l'ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó gba góòlù 10? Ṣé bọ́ọ̀lù ti kúrò l'ẹ́sẹ̀ ẹ̀ ni? Ó tì o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni n'íṣẹ́ mọ ìdáhùn ẹ̀. Ọmọ tó ń rán aṣọ ọmọ-ìlé-ìwé dáadáa, bí ẹ bá gbé agbádá aláràn fún un l'ójijì, ọwọ́ á gbọ̀n. L'áàárín àwọn ọmọ ọdún 17, eré sísá nìkan lè kó ọmọ yọ. Ó gbá bọ́ọ̀lù s'íwájú, ó sá a bá, ó parí. Ṣùgbọ́n géńdé tó ti ń gbá ẹ̀yìn fún ọdún mẹ́wàá kò ní bá a du eré. Á ti gba ọ̀nà dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Á fi èjìká kàn án, á fi àgbárí tì í, rẹfirí ò sì ní fọn fèrè.

Ohun mẹ́ta l'ọmọ tó ń gbá iwájú gbọ́dọ̀ wá kọ́ n'íbẹ̀. Èkíní, ìgbà tó yẹ kó sá. Bó bá yá jù, ọ́fúsáìdì. Bó bá pẹ́ jù, wọ́n ti mú un. Èkejì, bí yóò ṣe fi ẹ̀yìn gba géńdé dúró, kí bọ́ọ̀lù sì balẹ̀ s'ẹ́sẹ̀ ẹ̀ bí ẹyin tí wọ́n gbé s'órí òṣùká. Ẹ̀kẹta, bí yóò ṣe fò, tí yóò fi iwájú orí kan bọ́ọ̀lù tí ojú ẹ̀ á sì là sílẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n ń rà nínú wọn. Ara tó ti gbó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, àkókò ni wọ́n sì fi ń san owó ẹ̀.

CHARLEROI FÚN UN NÍ ÀYÈ

L'óṣù Kẹjọ 2018, Wolfsburg yá kíláàbù kékeré kan ní Bẹ́ljíọ̀mù ní Osimhen. Charleroi l'orúkọ ẹ̀, kóòṣì ibẹ̀ sì ni Felice Mazzù. Kò sí ariwo n'íbẹ̀, kò sí owó bàǹtà-banta. Ohun tí ó rí gbà n'íbẹ̀ ni ohun tó ti ń wá: àyè láti máa gbá ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bó bá ṣe àṣìṣe l'ọ́jọ́ Sátidé, ó tún ń gbá l'ọ́sẹ̀ kejì. Kí sáà náà tó parí, ó ti gbá góòlù 20 wọlé.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gun àkàbà. L'ọ́dún 2019, Lille ní ilẹ̀ Faransé rà á, ó gbá 18 s'áwọ̀n fún wọn. L'ọ́dún 2020, Napoli ní Ítálì rà á ní iye tí àwọn oníròyìn pè ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 yúrò. N'íbẹ̀ náà, kò rọgbọ lójú ẹsẹ̀. L'óṣù Kọkànlá 2020, èjìká tún yẹ̀ n'ígbà tó ń gbá fún Nàìjíríà. L'óṣù Kejì 2021, ó ṣubú, ó fi orí gbá'lẹ̀. L'óṣù Kọkànlá 2021, òun àti agbábọ́ọ̀lù Inter kan kọlura, egungun ojú ẹ̀ fọ́. Ìbòjú tẹ́ ẹ ń rí l'ójú ẹ̀, n'íbẹ̀ l'ó ti wá. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o.

L'ẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni sáà 2022 sí 2023 tó dé. Góòlù 26 nínú líìgì Ítálì! Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbá góòlù jù n'íbẹ̀. Ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún 2023, góòlù tirẹ̀ l'ó mú kí Napoli gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Udinese, tí wọ́n fi gba líìgì, ohun tí wọn ò rí láti 1990. L'óṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù l'Áfíríkà. L'ọ́dún 2025, Galatasaray ilẹ̀ Tọ́kì san mílíọ̀nù 75 yúrò l'órí ẹ̀.

Ẹ kà á l'ọ́wọ́. Láti Chile 2015 dé ọdún ògo 2023, ọdún mélòó? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́jọ! Ẹ tún wo Rashidi Yekini wa, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. UNTL Kaduna l'ó ti bẹ̀rẹ̀, ó gbá fún Shooting Stars n'Íbàdàn, ó gbá fún Abiola Babes l'Ábẹ́òkúta, ó lọ sí Africa Sports l'Ábíjàn, kó tó dé Vitória Setúbal ní Pọ́túgàl l'ọ́dún 1990. Ọdún 1963 ni wọ́n bí i. L'ọ́dún 1993 l'ó tó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù l'Áfíríkà, ó ti pé ọmọ 30. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

ARA ỌMỌ KÌ Í ṢE IRIN

Kí ni ẹ lè ṣe n'ílé? Ẹ jẹ́ kó jẹun. Mo mọ̀ pé ọjà le, ṣùgbọ́n ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja kéékèèké ń ṣe iṣan l'óore ju garawa ẹ̀bà lọ. Ẹ jẹ́ kó sùn. Inú oorun ni ara ọmọ ti ń gùn, tó sì ń tún ara ẹ̀ ṣe. Ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù l'ówùúrọ̀, tó gbá a l'ọ́sàn-án, tó tún gbá sẹ́ẹ̀tì l'álẹ́, agbára kọ́ l'ó ń kó jọ o, ó ń ná an ni.

L'áàárín ọdún 12 sí 16, ọmọkùnrin máa ń yára ga. N'ígbà náà, ẹ lè gbọ́ kó máa sọ pé abẹ́ orúnkún ń dun òun, ibẹ̀ á tún wú díẹ̀. Ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ni. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gún un l'ábẹ́rẹ́ ìrora kó lè gbá ìdíje. Ẹ jẹ́ kó sinmi, bí kò bá sì lọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Bí ibà bá mú un, ẹ tọ́jú ẹ̀ tán kó tó padà sí pápá. Ẹ ti rí ohun tí ibà ṣe fún Osimhen.

Ẹ má sì bá wọn gé ọjọ́-orí ọmọ kù. Láti ọdún 2009 ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn-ọwọ́ àwọn tó fẹ́ gbá ìdíje ọmọ ọdún 17. Ẹnu lè parọ́, egungun ò mọ̀ ọ́n pa.

TA L'Ó YẸ KÓ SAN OWÓ?

Ọ̀rọ̀ tí mo ní ká padà sí rèé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun fẹ́ mú ọmọ ọdún 15 lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, kẹ́ ẹ mú owó físà wá, ẹ bi í l'éèrè: òfin FIFA ń kọ́? Òfin kan náà tó dá Osimhen dúró títí tó fi pé 18, pẹ̀lú góòlù 10 l'ọ́wọ́ ẹ̀, ṣé ọmọ tiyín ni yóò yọ̀ǹda fún?

Ẹ tún gbọ́ èyí. Bí kíláàbù kan bá ra agbábọ́ọ̀lù l'ọ́wọ́ kíláàbù ilẹ̀ mìíràn, ìdá 5 nínú 100 owó náà ni òfin ní kí wọ́n pín fún àwọn kíláàbù tó tọ́ ọ láàárín ọdún 12 sí 23. Nínú mílíọ̀nù 75 yúrò, ìdá 5 ju mílíọ̀nù 3 lọ! Ṣé ẹ rí i? Kíláàbù gidi tó mọ ohun tó ń ṣe, iwájú l'ó ń wò. Ó lè gba owó jẹ́sì àti owó oṣù táṣẹ́rẹ́, kò burú. Ṣùgbọ́n kò ní ní kẹ́ ẹ lọ ta ilẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ta ilẹ̀, ẹ̀yin gan-an l'ó fẹ́ tà, kì í ṣe ọmọ.

Torí náà, ẹ rí i pé kíláàbù ọmọ forúkọ sílẹ̀ l'ọ́dọ̀ ìjọba bọ́ọ̀lù, pé orúkọ ọmọ náà wà n'íwèé, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé ọjọ́-ìbí ẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ n'ílé-ìwé. Ẹ má gba iṣẹ́-ọwọ́ l'ọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní di Osimhen, ẹ jẹ́ ká bá ara wa s'òótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù, tó kàwé, tó tún mọ wẹ́dà, ẹsẹ̀ mẹ́ta l'ó fi dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọmọ-iṣẹ́ rí mọ̀ pé kò s'ẹ́ni tó ń ṣe fúrídọ̀mù l'ọ́dún tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Bí ọmọ yín bá lo sáà kan ní kíláàbù tí kò gbá góòlù, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì sáré lọ bá oníjìbìtì. Ẹ bi kóòṣì ẹ̀ l'éèrè ohun tí ọmọ ń kọ́. Bó bá lè sọ ọ́ fún yín kẹ́ ẹ yé e, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó kọ́ṣẹ́.

Ẹni tí àjẹ́ńtì ti gba owó l'ọ́wọ́ ẹ̀, tàbí tí kíláàbù ti ṣe l'óore, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú-ìwé lẹ́tà, k'áwọn ìyá yòókù lè kọ́gbọ́n. Ó d'ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.