ÒṢÙWỌ̀N KÒ MỌ ÌYÁ

Ẹni tí ó bá rìn ní òpópónà Allen ní Ìkẹjà yóò rí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta wúrà, yóò sì rí ẹni tí ń ra èyí tí ó ti wà lọ́rùn ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ń rà á kì í pẹ́. Yóò fi wúrà náà ha òkúta dúdú, yóò kán omi oró sí ojú ibẹ̀, yóò gbé e lé òṣùwọ̀n, yóò sì dárúkọ iye tí yóò san. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí ó ti já ni wọ́n gbé wá, kò sí ẹni tí yóò bá a jà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó wúrà ni, irú èyí tí àwọn ìyá ń fi wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ yí ká, tí wọ́n sì ń so mọ́ ẹ̀gbà ọrùn, ẹni tí ó bá sọ pé gíráàmù mélòó kan ni, tí ó sì ka ọ̀rọ̀ náà sí èyí tí ó parí, kò mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àkókò yìí ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú. Ní oṣù Okúdù 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà dẹ okùn náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2025, iye wúrà lọ́jà àgbáyé kọjá 4,000 dọ́là lórí áúnsì kan. Èyí tí ìyá rà ní owó táṣẹ́rẹ́ di ohun tí ó lè san owó ilé. Kò sí ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹni tí onílé ń lé jáde lẹ́bi pé ó ta wúrà. Àwọn tí ẹjọ́ yìí kàn ni àwọn tí ń wá àwáwí fún un: wọ́n ní owó òyìnbó ni, orí ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lára rẹ̀, kì í ṣe àṣà Yorùbá, nítorí náà kò sí ohun tí ó sọnù bí ó bá wọ inú iná. Èyí tí ó burú jù ni pé inú kíláàsì ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá ń kọ́ni ní oge ṣíṣe, làálì, osùn, tìróò, ilà, irun dídì àti ìlẹ̀kẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí de ìdánwò. Owó wúrà kò sí níbẹ̀. Àjèjì ni, wọ́n ní. Iyùn ńkọ́? Òkun Mẹditaréníà ni ọ̀pọ̀ iyùn ti wá, ọkọ̀ àwọn Potogí ni ó sì gbé e dé etíkun yìí. Síbẹ̀ ta ni yóò ní kí ọba bọ́ iyùn ọrùn rẹ̀ sílẹ̀? Owó ẹyọ ńkọ́? Erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni wọ́n ti ń kó o wá. 40 rẹ̀ ni okùn kan, 2,000 ni orí kan, 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan. Owó tí wọ́n fi ń ná ọjà ni, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù fún ère ìbejì, òun ni ó wà lára aṣọ àwọn adósù Ṣàngó. Yorùbá ti ń wọ owó kí wúrà òyìnbó tó dé. Àwọn òyìnbó tí ó rọ ònínì láti 1907 pàápàá lu ihò sí i láàárín, kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá bí ó ti ń gba inú owó ẹyọ. (Kí ó má sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ibi ìwakùsà wúrà ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú wúrà jáde ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 2021, Sẹ̀gilọlá ni orúkọ rẹ̀: orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ ni wúrà ń jẹ́.)

Sovereign, owó wúrà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní ìrísí rẹ̀ ti òní ní 1817, kò tó gíráàmù 8; ìdá 22 nínú 24 rẹ̀ ni wúrà. Orí ọba tàbí ọbabìnrin wà ní ojú kan, jagunjagun orí ẹṣin tí ń gún ejò ńlá abìyẹ́ sábà máa ń wà ní ojú kejì pẹ̀lú ọdún tí wọ́n rọ ọ́. Ẹ̀wọ̀n wúrà méjì lè jọra tí ẹni tí ó ni wọ́n kò fi ní mọ ìyàtọ̀. Owó wúrà ní ojú, ó sì ní ọjọ́ orí. Bí ìyá bá fi mẹ́ta sílẹ̀ fún ọmọbìnrin mẹ́ta, wọn kò ní gé nǹkan kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò mú tirẹ̀, yóò sì lè wí pé, “Èyí tí ó wà lọ́rùn Màmá ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi nìyí.”

Wọn yóò tún ní wúrà ni wúrà, ojú tí ó wà lára rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Irọ́ ni. Láti 1967 ni Gúúsù Áfíríkà ti ń rọ Krugerrand, láti ara wúrà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń wà lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní 1985, Amẹ́ríkà fi òfin de kíkó o wọlé. Obìnrin tí ó bá so ó mọ́ ọrùn ní Nàìjíríà nígbà náà, ní orílẹ̀-èdè tí ń fi owó ran àwọn ajìjàgbara ibẹ̀ lọ́wọ́, ta ni kò ní wò ó tìkà-tẹ̀gbin? Bí ojú owó bá lè kó ìtìjú bá ẹni tí ó wọ̀ ọ́, ó lè bu iyì fún un pẹ̀lú.

Àtakò kan wà tí ó lágbára ju ìwọ̀nyí lọ: ìyá rà á kí wọ́n lè tà á nígbà ìṣòro ni. Òótọ́ ni. Ní agbègbè iléeṣẹ́ Ìkẹjà sí Agége, ìyá tí ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì, tí ó sì ń dá èsúsú, mọ̀ pé owó oṣù lè tán lójijì. Nígbà tí Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, wúrà inú àpótí nìkan ni kò gba ìwé ìdádúró. Àti ọ̀ṣọ́ àti àpò ìfowópamọ́ ni. Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ní ìlànà Màlíkì pàápàá ya wúrà tí obìnrin ń wọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n kó pamọ́ bí owó: ti àkọ́kọ́ kò ní sàká. Nítorí náà, nǹkan méjì ni ẹni tí ń tà á ń tà, owó ọ̀kan ni òṣùwọ̀n Allen sì ń san. Ṣé Yorùbá kò wá ní ohun tí ń jẹ́ ìdógò ni? Wọ́n ti fi aṣọ dógò, wọ́n ti fi oko kòkó dógò, kí ohun tí ó jẹ́ tiwọn má baà lọ pátápátá. Kí ni ó dé tí owó wúrà yóò fi jẹ́ títà nìkan?

Olùrà a sì máa pa òwe fún olùtà tí ń ṣiyèméjì, pé wúrà tí yóò dán yóò la iná kọjá. Òwe náà kò bá owó wúrà wí. Iná ni í pa ojú rẹ̀ rẹ́. Bí ó bá jáde nínú ìkòkò alágbẹ̀dẹ, yóò dán gbinrin, yóò di ẹ̀gbà ọwọ́ ẹlòmíràn, kò sì sí ọmọ tí yóò tún dá a mọ̀ láyé.

Olùkọ́ tí yóò bá kọ́ni ní oge ṣíṣe ní sáà yìí lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè nílé: ta ni ó kọ́kọ́ ní owó wúrà ìdílé wọn, owó kí ni ó fi rà á, ọdún wo ni ó wà lára rẹ̀? Ìdáhùn ni kí wọ́n kọ wá sí kíláàsì. Owó náà, kí ó dúró sílé.