Láìnì Ọjà Ọ̀tọ̀, Láìnì Báǹkì Ọ̀tọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ní láìnì kejì fún oníbàárà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí fọ́tò ọmọ àti àdírẹ́sì ilé bá wà lórí WhatsApp rẹ̀, kí la wá pa mọ́? Orúkọ ṣọ́ọ̀bù nìkan ni ká fi síbẹ̀. Láìnì tí báǹkì mọ̀, ká má fún oníbàárà. Ẹni tó bá wá pe láìnì ọjà, tó ní báǹkì lòun, olè ni. Báǹkì ò mọ nọ́ńbà yẹn.

Ìjọba mọ̀ ọ́n ní tirẹ̀: láti ìparí 2020 ni wọ́n ti ní ká so síìmù mọ́ NIN. Ká má fi NIN wa gba síìmù fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Bó bá fi lu jìbìtì, ọ̀dọ̀ wa lọlọ́pàá ń bọ̀.